Ìlà Tí Kò Bára Mu: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Kan Lórí Agbo Ìràwọ̀ NGC 5548, Láti Àkúrẹ́

Bébà méje ni akẹ́kọ̀ọ́ náà tẹ́ sórí tábìlì mi, ìlà kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà nínú wọn ń fi hàn bí ìmọ́lẹ̀ àárín agbo ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ NGC 5548 ṣe ń lọ sókè tó sì ń wá sílẹ̀ lọ́dún 2014. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi wò ó. Bébà keje jẹ́ ti X-ray. Ohun kan náà ni wọ́n wò, sátẹ́láìtì kan náà ló wò ó, láàárín àwọn oṣù kan náà. Síbẹ̀ ìlà méjèèje kò bára mu. Òkè tó yọ lónìí nínú ultraviolet, ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kúrú ju èyí tí ojú lè rí lọ, kò tíì yọ nínú àwọ̀ tí ojú èèyàn ń rí. Ti X-ray tiẹ̀ wà lọ́tọ̀ pátápátá.

Ọmọ Oǹdó ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí. Mo kọ́ ọ ní físíìsì ní sẹ́kọ́ńdírì kó tó wọ yunifásítì níbí ní Àkúrẹ́, iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sì ni. Ó bi mí pé, “Àǹtí, ṣé ẹ̀rọ ló ń parọ́ ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà?” Ẹnì kan tó máa ń gbowó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe pírójẹ́ẹ̀tì ti gbà á nímọ̀ràn pé kó sọ bébà X-ray nù, kó fi kọ̀ǹpútà sún àwọn ìlà yòókù títí wọ́n á fi dọ́gba, kí àwọn olùkọ́ má baà da ìbéèrè bò ó. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ. Àìdọ́gba yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Bó bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ló kù tó fẹ́ kọ?

Kí n sọ ohun tí NGC 5548 jẹ́ ná. Ní ìparí oṣù kẹrin, bí òjò àkọ́rọ̀ bá fún wa láyè tí ojú ọ̀run Àkúrẹ́ mọ́, ẹ bọ́ síta lẹ́yìn agogo méjìlá òru, kí ẹ gbójú sókè. Ìràwọ̀ ńlá kan tó pọ́n díẹ̀ máa wà lókè orí yín, tó fi díẹ̀ tẹ̀ sí àríwá. Arcturus nìyẹn. NGC 5548 kò jìnnà sí i lójú ọ̀run, ó tún fi díẹ̀ wọ àríwá jù ú lọ, àmọ́ ojú lásán kò lè rí i. Bíi mílíọ̀nù 245 ọdún ìmọ́lẹ̀ ló fi jìnnà sí wa; ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan. Ó wà lára irú agbo ìràwọ̀ tí Carl Seyfert, ará Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe lọ́dún 1943, àwọn tí àárín wọn ń tàn kọjá ohun tí ìràwọ̀ nìkan lè ṣe. Ihò dúdú (black hole), ohun tó ń fa nǹkan mọ́ra débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀, ló wà láàárín náà. Ìwúwo rẹ̀ tó ti oòrùn wa ní ọ̀nà mílíọ̀nù, láàárín mílíọ̀nù 30 sí 70. Gáàsì tó ń wọ́ lọ sínú rẹ̀ kì í já sí i tààrà. Ó máa ń yí i po, ó ń tẹ́ pẹrẹsẹ di àwo, ó ń fara gbora, ó sì ń gbóná gidigidi. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ti ń wá.

Ìmọ́lẹ̀ yìí kì í dúró sójú kan. Ó lè pọ̀ sí i láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè rẹlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwo náà kéré jù fún ibi tó jìnnà dé, kò sí awò awọ̀nàjíjìn kankan tó lè ya àwòrán rẹ̀ kí a fi ojú rí bó ṣe rí. Àkókò nìkan la fi ń wọ̀n ọ́n. Ìgbà wo ni àwọ̀ kan pọ̀ sí i, ìgbà wo ni èkejì tẹ̀ lé e? Ibi tí ìdáhùn wà nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi lè gbà kí ẹnikẹ́ni sún ìlà kan kó sì dákẹ́ lórí rẹ̀.

Ohun tó fi ṣiṣẹ́ kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ dojú kọ NGC 5548 nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní AGN STORM (AGN ni wọ́n ń pe irú àárín agbo ìràwọ̀ tó ń tàn báyìí). Láti oṣù kejì títí wọ oṣù keje, Hubble, awò awọ̀nàjíjìn tó wà lókè òfúrufú, ń wò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́. Swift, sátẹ́láìtì NASA tó gòkè lọ ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 2004, wò ó ní ìgbà 282 láàárín ọjọ́ 125, ìyẹn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lójúmọ́. Àwọn awò orí ilẹ̀ náà ń ṣe tiwọn. Iṣẹ́ Swift ló wúlò jù fún akẹ́kọ̀ọ́ wa, nítorí ó máa ń wo X-ray, ultraviolet àti ìmọ́lẹ̀ ojú (èyí tí ojú èèyàn ń rí) nígbà kan náà. Gíláàsì mẹ́fà ló wà nínú awò rẹ̀ tó ń ya àwọ̀ sọ́tọ̀, láti orí ìgbì tó kúrú jù dé èyí tó gùn jù: UVW2, UVM2 àti UVW1 fún ultraviolet, U tó wà létí ààlà, B fún búlúù, àti V tó sún mọ́ àwọ̀ ewé. Gbogbo rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Inú yàrá rẹ̀ ló ti gbà á sílẹ̀ lóru, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já geere tí iná sì wà.

Ẹ̀rọ la kọ́kọ́ fura sí, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nínú àwòrán kan náà tí NGC 5548 wà, àwọn ìràwọ̀ kan láti inú agbo ìràwọ̀ tiwa wà tí ìmọ́lẹ̀ wọn kì í yí padà. Mo ní kó wọn wọ́n lọ́nà kan náà tó gbà wọn agbo ìràwọ̀. Wọ́n dúró gbọn-in láti oṣù dé oṣù. A mọ̀ báyìí pé gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ yẹn kì í ṣe ọwọ́ sátẹ́láìtì.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò tán síbẹ̀. Nínú ìlà UVW2, àwọn ojú àmì kan wà tó já bọ́ lójijì, bí ìdá mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n sì tún padà sí ipò wọn ní ìgbà tó tẹ̀ lé e. Irú wọn wà nínú UVM2 àti UVW1, wọn kò hàn tó bẹ́ẹ̀ nínú V. Bí èèyàn kò bá fara balẹ̀, á ní agbo ìràwọ̀ ló ń ṣẹ́jú. Mo ní kó kọ ibi tí NGC 5548 bọ́ sí lójú ẹ̀rọ, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú awò Swift, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n yà á, nítorí kì í bọ́ sí ojú kan náà lójoojúmọ́. Nígbà tó fi inki pupa sàmì sí àwọn tó já bọ́, ó kígbe. Wọn kò fọ́n káàkiri. Àwọn ibì kan pàtó lójú ẹ̀rọ ni wọ́n kóra jọ sí. Àwọn ibi yẹn ni ojú ẹ̀rọ kò ti ríran dáadáa mọ́, àgàgà bó bá jẹ́ ultraviolet. Àwọn ìràwọ̀ tí a fi ṣe àfiwé kò lè tú àṣírí èyí, nítorí nígbà tí NGC 5548 bá bọ́ sí ojú tó bàjẹ́, ibòmíràn ni ìràwọ̀ wà. Rick Edelson, onímọ̀ ìràwọ̀, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí ohun kan náà, wọ́n sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 2015. Akẹ́kọ̀ọ́ wa yọ àwọn àmì wọ̀nyẹn kúrò, ó sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ìmọ̀ràn ọ̀gbẹ́ni agbowó-ṣe-pírójẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gbẹ́ni yẹn fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yọ ohun tí kò wù ú. Ohun tí a mọ̀ pé ó bàjẹ́, tí a sì rí ibi tó ti bàjẹ́, la yọ.

Lẹ́yìn tí a ṣe èyí tán, ìlà náà mọ́, àìdọ́gba sì wà níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀.

Gíga wọn kò dọ́gba, èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Nínú UVW2, òkè ga, kòtò sì jìn. Nínú V, ó kàn ń mì díẹ̀díẹ̀ ni. Ìràwọ̀ bílíọ̀nù-bílíọ̀nù tó wà nínú agbo náà ń tàn nínú V, wọn kì í sì í yí padà láàárín oṣù mẹ́fà. Ìmọ́lẹ̀ wọn dà mọ́ ti àárín, ó sì bo ìyípadà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú ultraviolet, àwọn ìràwọ̀ yẹn kò ní agbára púpọ̀, àárín nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀.

Àkókò wọn tí kò dọ́gba ni mo fẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ kó tó gbé e fún kọ̀ǹpútà. Ó fa ìlà V gùn sókè lórí kọ̀ǹpútà títí gíga rẹ̀ fi jọ ti UVW2, ó tẹ̀ wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní gbàgede ilé ìwé wọn, ó sì fi pẹ́ńsù da ìlà UVW2 kọ sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn ayàwòrán ilé ń lò. A gbé e lé ojú fèrèsé kí oòrùn ọ̀sán là á kọjá, V wà lábẹ́, UVW2 wà lókè. Òkè kò bọ́ sórí òkè. Ó wá ń fa bébà òkè sí apá ọ̀tún, díẹ̀ báyìí, díẹ̀ báyìí, títí ó fi dé ibì kan tí àwọn òkè bára wọn mu, tí kòtò sì bọ́ sínú kòtò, kì í ṣe ẹyọ kan tàbí méjì, láti ìbẹ̀rẹ̀ bébà dé òpin rẹ̀. Bó ṣe fà á kò ju mìlímítà méjì àti díẹ̀ lọ. Lórí ìwọ̀n tó wà nísàlẹ̀ bébà, ó lé díẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ó ní, “Àǹtí, V ló ń tẹ̀ lé e!” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Kọ iye tó fi sún un sílẹ̀.”

Kọ̀ǹpútà kò ṣe ju ohun tí ó ṣe lójú fèrèsé lọ. Ó ń sún ìlà kan lórí èkejì, ó ń fún ìsún kọ̀ọ̀kan ní máàkì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe jọra tó, ibi tí máàkì ti pọ̀ jù ló ń pè ní ìdádúró. UVW1 kò pẹ́ lẹ́yìn UVW2 rárá, wákàtí mélòó kan ni. B pẹ́ jù ú lọ. V ló kẹ́yìn. Yàtọ̀ sí U, tí a máa dé orí rẹ̀ láìpẹ́, bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gùn sí i ni ìdádúró ń pọ̀ sí i.

Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí, tó ké sí àpáta tó dojú kọ ọ́, mọ̀ pé ohùn á padà wá bá a, bó bá sì ṣe pẹ́ tó ni àpáta náà ṣe jìnnà tó. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe sí àwo gáàsì yìí kò yàtọ̀ sí i. Ìmọ́lẹ̀ líle kan bẹ́ sílẹ̀ nítòsí ihò dúdú, ó kan apá inú àwo lákọ̀ọ́kọ́, apá inú gbóná jù, ultraviolet ni ó ń tú jáde. Ó wá kan apá ìta lẹ́yìn náà, apá ìta tutù díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ojú ni tiẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń rin bíi bílíọ̀nù 26 kìlómítà lọ́jọ́ kan, èyí tó ju àádọ́jọ ìlọ́po ọ̀nà tó wà láàárín ayé àti oòrùn lọ. Mìlímítà méjì lórí bébà tí ó fi ọwọ́ fà nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ̀ mí lára jù nìyí. Lọ́dún 1973, Shakura àti Sunyaev, àwọn ará Soviet Union, ṣe ìṣirò bí ooru ṣe yẹ kó máa dín kù láti inú àwo lọ sí ìta. Láti inú ìṣirò yẹn la ti mọ̀ pé bí gígùn ìgbì bá di ìlọ́po méjì, ìdádúró láti àárín yẹ kó di bí ìlọ́po méjì àbọ̀. Bí ìdádúró NGC 5548 ṣe ń pọ̀ sí i láti àwọ̀ dé àwọ̀ bá èyí mu dé ìwọ̀n àyè kan. Bó ṣe gùn tó ni kò bá a mu: àwo tí àwọn ìdádúró náà ń tọ́ka sí tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí ìṣirò sọ. Àwọn tó ṣe AGN STORM fúnra wọn ló sọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n kó gbogbo awò jọ. Nígbà tí iye tiẹ̀ náà jáde ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta, ẹ̀rù ba akẹ́kọ̀ọ́ wa, ó ní òun ti ṣi iṣẹ́ ṣe. Mo ní kó wo U.

U ni ẹlẹ́rìí. Ìgbì rẹ̀ kúrú ju ti B lọ, ó yẹ kó ṣáájú B dé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Hàídírójìn tó wà nínú gáàsì tó jìnnà sí ihò dúdú ju àwo lọ máa ń tú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ jáde, ó sì pọ̀ gan-an ní ibi tí gíláàsì U ń wò. Gáàsì yẹn jìnnà, nítorí náà ìdáhùn rẹ̀ ń pẹ́ dé. Bó bá dà mọ́ ti àwo, ó ń fa gbogbo ìdádúró gùn, nínú U jù, àmọ́ nínú àwọn yòókù pẹ̀lú. Àwọn kan ṣì gbà pé ìṣirò àwo fúnra rẹ̀ ló ní àbùkù. Èmi gbà pé gáàsì ló jẹ gbèsè tó pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn gbangba nínú U, a kò sì lè sọ pé a kò rí i.

Ó kan bébà X-ray. Bó bá jẹ́ pé X-ray tó ń bẹ́ sílẹ̀ nítòsí ihò dúdú ló ń mú àwo gbóná, ó yẹ kí ìlà X-ray jọ ìlà UVW2, kó kàn ṣáájú ni. Kò jọ ọ́. Àwọn ultraviolet àti ìmọ́lẹ̀ ojú mú ara wọn dáadáa. X-ray àti ultraviolet fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ara wọn. Lọ́dún 2013, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Jelle Kaastra, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sátẹ́láìtì XMM-Newton pẹ̀lú àwọn sátẹ́láìtì mìíràn wo NGC 5548, wọ́n bá ìṣàn gáàsì kan tó sún mọ́ ihò dúdú, tó dí ojú ọ̀nà láàárín òun àti wa, tó sì gba ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún X-ray tí kò lágbára púpọ̀. Nítorí náà X-ray tó ń dé ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe èyí tí àwo ń rí. Ó ṣàlàyé díẹ̀, kò ṣàlàyé tán: X-ray líle tó lè la gáàsì yẹn kọjá náà kò bá ultraviolet mu tó bí a ṣe retí. Mo rọ̀ ọ́ pé kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó má ṣe fi ẹnu dídùn bò ó.

Nínú iṣẹ́ 2014 yẹn kan náà, gáàsì tó jìnnà, èyí tó ń tẹ̀ lé ultraviolet láti ìbẹ̀rẹ̀, dédé dá títẹ̀ lé e dúró, fún nǹkan bí oṣù méjì, ó sì tún padà. Mo kàn mẹ́nu bà á ni. Swift kò lè rí i pẹ̀lú gíláàsì tó ní, Hubble àti àwọn awò orí ilẹ̀ ló rí i, kò sì sí nínú bébà méje náà. Ìdádúró infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn ju èyí tí ojú lè rí lọ, náà kò sí níbẹ̀: eruku tó yí gbogbo rẹ̀ ká kì í dáhùn kó tó di bí oṣù kan àbọ̀.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì béèrè ohun kan tó dára nígbà tó ka ohun tó kọ́kọ́ kọ. Ó ti gbọ́ pé àwọn agbo ìràwọ̀ kan ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú. Kí ló dé tí èyí fi ń gba ọjọ́? Òótọ́ ni. Àwọn awò H.E.S.S., tó wà ní Nàmíbíà níbí ní Áfíríkà, rí i ní oṣù keje ọdún 2006 tí ìmọ́lẹ̀ gamma, èyí tó le ju X-ray lọ, láti inú agbo ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ PKS 2155-304 di ìlọ́po méjì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan péré. Àmọ́ blazar ni ìyẹn. Ìṣàn kan ló ń tú jáde láti ẹ̀gbẹ́ ihò dúdú rẹ̀, tó ń sáré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìmọ́lẹ̀, tó sì dojú kọ wa tààrà. Sísáré yẹn máa ń fún àkókò pọ̀ lójú wa, ó sì ń mú kí ó tàn ju bó ṣe rí lọ. NGC 5548 kò ní irú ìṣàn bẹ́ẹ̀ tó dojú kọ wa. Àwo la ń wò níbẹ̀. Mo sọ fún un pé kó má fi blazar kún iṣẹ́ rẹ̀ rárá, ojú ìwé kan péré tó sọ ìyàtọ̀ náà ti tó.

Bébà méjèèje ló wà nínú ohun tó fi sílẹ̀, ti X-ray ló wà níwájú. Ó fi tábìlì kan kún un tó ní gbogbo àmì tí a yọ àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sí lójú ẹ̀rọ, ó sì fi òmíràn kún un tó ní ìdádúró àwọ̀ kọ̀ọ̀kan àti àṣìṣe tó lè wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń dán an wò, ẹnì kan nínú àwọn olùkọ́ bi í pé kí ló dé tí kò fi mú X-ray bá àwọn yòókù mu. Ó ní, “Ẹ má bínú sà, kò bá wọn mu lọ́hùn-ún ni.” Ó wá ṣí ojú ìwé tí gáàsì Kaastra wà, ó sì ṣàlàyé ibi tí àlàyé náà dé àti ibi tí kò dé.

Ní báyìí, ó ti ń kó ìwọ̀n agbo ìràwọ̀ mìíràn, NGC 4151, jọ, èyí tí Swift wò kíkankíkan lọ́dún 2016. Níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ojú kò pẹ́ tó ọjọ́ kan lẹ́yìn ultraviolet, àmọ́ X-ray ti ṣáájú ultraviolet fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bó bá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ kàn rin láti ibì kan dé ìkejì ni, kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó fi ìlà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fa ìlà pupa sí àárín wọn, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, “Àǹtí, kí ló ń dá a dúró lọ́nà?”